Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Pín Àwọn Orílẹ̀-Èdè àti Àwọn Ilẹ̀ Abẹ́ Àkóso sí Kọ́ńtínẹ́ǹtì

Ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, àwọn òbí wọn, àti àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti wá. Iṣẹ́ olùkọ́ jíọ́gíráfì ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i pé ohun kan náà ló máa ń fa awuyewuye nínú gbogbo wọn: àwọn ènìyàn gbà pé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni ayé ń lò, bẹ́ẹ̀ àwọn àkọsílẹ̀ náà pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, níbi tí mo bá ti dárúkọ iye, mo máa ń sọ àkọsílẹ̀ tí mo ti mú un.

Kọ́ńtínẹ́ǹtì mélòó ló wà láyé?

Méje la fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa: Áfíríkà, Éṣíà, Yúróòpù, Amẹ́ríkà Àríwá, Amẹ́ríkà Gúúsù, Oṣéáníà tí àwọn ìwé mìíràn ń pè ní Ọsirélíà, àti Antarctica. Iye yìí dára, ọmọ tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò kò ṣì í, ṣùgbọ́n kò sí òfin àgbáyé kankan tó fi í lélẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà Gúúsù, ẹyọ kan ni wọ́n ka Amẹ́ríkà méjèèjì sí. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n sábà máa ń ka Yúróòpù àti Éṣíà pọ̀, nítorí kò sí òkun tó là wọ́n láàárín. Òrùka márùn-ún tó wà lára àsíá Òlíḿpíìkì, èyí tí Pierre de Coubertin yà ní 1913, dúró fún apá márùn-ún ayé tí àwọn eléré ìdárayá ti ń wá: Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan níbẹ̀, Antarctica kò sì sí nínú rẹ̀ rárá.

Òbí kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bi mí bóyá kí òun lọ bá olùkọ́ ọmọ òun, torí pé mẹ́fà ni ọmọ náà rí nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ìwé méjèèjì tọ̀nà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ náà níhìn-ín ni kí ó tẹ̀lé nínú ìdánwò.

Orílẹ̀-èdè mélòó ló wà nínú kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan?

Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ní ọmọ ẹgbẹ́ 193. Èyí tó wọlé kẹ́yìn ni Gúúsù Sùdáàn, tí wọ́n gbà wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2011, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí ó gba òmìnira. Bí ẹ̀ka ìṣirò àjọ náà ṣe pín 193 yìí nìyí: Áfíríkà ní 54, Éṣíà ní 47, Yúróòpù ní 43, Amẹ́ríkà méjèèjì ní 35, èyí tí 12 nínú rẹ̀ wà ní gúúsù, Oṣéáníà sì ní 14. Àwọn méjì kan tún wà tí wọ́n jẹ́ olùwòye nínú àjọ náà láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ni Vatican, tí wọ́n kà mọ́ Yúróòpù, àti Palẹstínì, tí wọ́n kà mọ́ Éṣíà.

Bí ẹ bá rí iye tó yàtọ̀ sí èyí níbòmíràn, ẹ má tètè sọ pé irọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹni tó kọ ọ́ fi Tọ́kì, Kípírù, Georgia, Armenia àti Azerbaijan sí, torí ibẹ̀ gan-an ni òǹkà Éṣíà àti Yúróòpù ti sábà máa ń yàtọ̀. Nínú àwọn iye tí mo kọ sókè yìí, Éṣíà ni gbogbo márààrún wà, Rọ́ṣíà sì wà ní Yúróòpù.

Ta ló ní àṣẹ láti pín wọn?

Kò sí ẹnì kan tó ní àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ayé. Èyí tí àwọn oníṣirò, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń ṣe ìwé ń lò jù ni àkọsílẹ̀ tí ẹ̀ka ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní M49. Nọ́ńbà oníwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n fún ohun gbogbo nínú rẹ̀: gbogbo ayé jẹ́ 001, Áfíríkà jẹ́ 002, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ 011, Nàìjíríà sì jẹ́ 566. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ ọ́ gbangba pé ìrọ̀rùn ìṣirò ni àwọn fi pín ayé báyìí, pé àwọn kò fi í dá ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan wà. Ó dùn mí pé gbólóhùn yìí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà, nítorí ì bá ti parí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù yín sí ojú ewé tí fọ́tò yín wà, ẹ ó rí lẹ́tà NGA níbẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ mìíràn, ISO 3166, ni lẹ́tà yẹn ti wá. Àmì 249 ló wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, ó sì fi púpọ̀ ju 193 lọ, nítorí pé àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso náà ní àmì tiwọn: RE ni ti Réunion, GL ni ti Greenland. Èyí ló fà á tí àpótí “orílẹ̀-èdè” inú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń gùn ju ohun tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ lọ. Àmọ́ àkọsílẹ̀ yìí kì í pín ẹnikẹ́ni sí kọ́ńtínẹ́ǹtì.

Báwo ni wọ́n ṣe pín Áfíríkà tiwa sí agbègbè?

Apá márùn-ún ni M49 pín in sí. Àríwá ní orílẹ̀-èdè 6, Ìwọ̀-Oòrùn ní 16, Àárín ní 9, Ìlà-Oòrùn ní 18, Gúúsù sì ní 5 péré. Márùn-ún tó wà ní Gúúsù ni Gúúsù Áfíríkà, Nàmíbíà, Botswana, Lesotho àti Eswatini. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé Simbábúè, Sáḿbíà, Màláwì àti Mòsáḿbíìkì wà lára Ìlà-Oòrùn nínú àkọsílẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ará Simbábúè jókòó á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé gúúsù ni òun ti wá.

Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà pín kọ́ńtínẹ́ǹtì yìí sí apá márùn-ún, ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ yàtọ̀. Simbábúè àti àwọn mẹ́ta yòókù wà ní Gúúsù níbẹ̀, Àngólà náà sì wà ní Gúúsù dípò Àárín. Bùrúńdì, tí M49 fi sí Ìlà-Oòrùn, wà ní Àárín. Sùdáàn kúrò ní Àríwá, ó bọ́ sí Ìlà-Oòrùn. Mọriténíà ní tirẹ̀ kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó bọ́ sí Àríwá, ìyẹn ni Ìwọ̀-Oòrùn fi jẹ́ 15 lọ́dọ̀ àjọ náà tó sì jẹ́ 16 lọ́dọ̀ M49. Ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà jẹ́ 55, ó fi ẹyọ kan ju 54 lọ, ìdí rẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Lójú tèmi, ìpín Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ló yẹ kí ọmọ Áfíríkà kọ́kọ́ mọ̀, torí pé àwọn ará ilẹ̀ náà fúnra wọn ni wọ́n jókòó pọ̀ tí wọ́n fi ẹnu kò lé e lórí. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ iye ènìyàn, ìlera tàbí ọrọ̀ ajé tí àwọn àjọ àgbáyé tẹ̀ jáde, M49 ni ẹ ó bá níbẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn nínú tábìlì kan náà.

Ṣé Màlì, Bùkínà Fasò àti Niger ṣì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni. ECOWAS ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹgbẹ́ ni ECOWAS, Èkó ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Orílẹ̀-èdè lè wọ ẹgbẹ́, ó sì lè jáde, ilẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Mọriténíà ti jáde kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú wọn, M49 kò sì yí ipò rẹ̀ padà.

Kí là ń pè ní ilẹ̀ abẹ́ àkóso?

Ó jẹ́ ilẹ̀ tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè olómìnira, tí ó wà lábẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè kan tí ó sábà máa ń jìnnà sí i, ṣùgbọ́n tí wọn kò kà mọ́ ara orílẹ̀-èdè náà pátápátá. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 14 tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ òkè òkun, lára wọn ni Bermuda, Gibraltar àti Saint Helena. Amẹ́ríkà ní Puerto Rico, Guam àti àwọn mìíràn. Dẹ́nmáàkì ní Greenland, tí ó ti ń ṣe ìjọba ilé rẹ̀ láti 1979, tí agbára rẹ̀ sì tún pọ̀ sí i ní 2009. Nẹ́dálándì ní Aruba, Curaçao àti Sint Maarten, tí wọ́n jẹ́ orílẹ̀-èdè nínú ìjọba ọba kan náà. Tokelau wà lábẹ́ New Zealand.

Àkọsílẹ̀ kan tún wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fi ń ṣọ́ àwọn ilẹ̀ tí àwọn ará wọn kò tíì máa ṣe ìjọba ara wọn ní kíkún. Ilẹ̀ 17 ló wà níbẹ̀. Puerto Rico kò sí lára wọn, Greenland kò sí níbẹ̀, Gibraltar àti Guam wà níbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní 17 ni gbogbo ilẹ̀ abẹ́ àkóso tó wà láyé, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àkọsílẹ̀ kan pàtó ló ń kà.

Kọ́ńtínẹ́ǹtì wo la máa ka irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́: ti ibi tó wà ni, àbí ti ìjọba tó ni ín?

Ìbéèrè yìí ló ṣòro jù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti dáhùn. Ìbéèrè méjì ló wé mọ́ra nínú rẹ̀. Tí ẹ bá bèèrè ibi tí ilẹ̀ náà wà, ẹ tẹ̀lé àwòrán ayé. Tí ẹ bá bèèrè ẹni tó ń ṣe àkóso rẹ̀, ẹ tẹ̀lé òfin. Àwa tí a wà ní Rẹ́mọ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìkòròdú ló ń tọ́ka sí Ṣágámù gẹ́gẹ́ bí orírun wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti tiwa jọra, síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ni ìjọba ka Ìkòròdú mọ́, kò sì sí ìkankan nínú méjèèjì tó pa èkejì rẹ́.

Ẹ wo Guiana ti Faransé. Amẹ́ríkà Gúúsù ló wà, ó bá Bràsíl pààlà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ojú òfuurufú ní Kourou. Láti 1946 ni ó ti jẹ́ ẹ̀ka ilẹ̀ Faransé gan-an, owó yúrò ni wọ́n ń ná níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń dìbò yan ààrẹ Faransé. Ààlà orí ilẹ̀ tó gùn jù tí Faransé ní pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kankan ni èyí tó bá Bràsíl pa níbẹ̀. M49 kà á mọ́ Amẹ́ríkà Gúúsù. Greenland náà jẹ́ ti Dẹ́nmáàkì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà Àríwá ni wọ́n kà á mọ́.

Títí dé ibi yìí, ẹ ó rò pé òfin rẹ̀ rọrùn: ibi tí ilẹ̀ wà ni kí a máa wò. Ṣùgbọ́n Hawaii, tí ó wà láàárín òkun Pàsífíìkì, ni M49 kà mọ́ Amẹ́ríkà Àríwá, torí pé láti 1959 ni ó ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn kò sì ya ìpínlẹ̀ kankan sọ́tọ̀ nínú òǹkà. Erékùṣù Canary wà ní etí Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ láti Senegal àti Mọriténíà ń fi ọkọ̀ ojú omi forí lé e, síbẹ̀ Spéènì ni wọ́n kà á mọ́, Spéènì sì wà ní Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Madeira pẹ̀lú Pọtogí. Ohun tó ń pinnu ni bóyá wọ́n fún ilẹ̀ náà ní àmì tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Tí ó bá ní in, ibi tó wà ni wọn yóò fi sí. Tí kò bá ní in, ó bá ìyá rẹ̀ lọ. Kò sí ìdí mìíràn tí a fi rí Réunion nínú Áfíríkà tí a kò sì rí Canary, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka kíkún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nínú orílẹ̀-èdè tó ni ín.

Ilẹ̀ wo ní Áfíríkà ló ṣì wà lábẹ́ ìjọba tó jìnnà?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbà pé gbogbo Áfíríkà ti gba òmìnira tán. Lórí àwòrán ayé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Réunion wà nínú òkun Íńdíà, ní ìlà-oòrùn Madagásíkà. Ó jẹ́ ti Faransé, ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní 800,000. Mayotte wà láàárín Madagásíkà àti Mòsáḿbíìkì, lára àwọn erékùṣù Kòmórò. Nígbà tí àwọn erékùṣù náà dìbò lórí òmìnira ní 1974, Mayotte nìkan ló ní òun kò kúrò lọ́dọ̀ Faransé. Kòmórò gba òmìnira ní 1975 láìsí i, Mayotte sì di ẹ̀ka kíkún nínú ilẹ̀ Faransé ní 2011. Títí di òní ni Kòmórò ń sọ pé tòun ni.

Saint Helena jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì ní ibi tó jìnnà sí Áfíríkà tó nǹkan bíi 1,900 kìlómítà. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Napoleon lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1821. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè pé kí ló mú un dé inú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà nínú M49. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan, nítorí pé òǹkà náà kò fi ibi kankan tí ènìyàn ń gbé sílẹ̀ láìnílé.

Ceuta àti Melilla yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, torí pé wọn kì í ṣe erékùṣù. Ìlú méjì ni wọ́n lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, Mòrókò yí wọn ká ní ẹ̀yìn, òkun Mẹditaréníà wà níwájú wọn. Melilla ti wà lọ́wọ́ Spéènì láti 1497. Pọtogí ló kọ́kọ́ gba Ceuta ní 1415 kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ Spéènì. Ní ibi méjèèjì yìí nìkan ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti bá Áfíríkà pààlà lórí ilẹ̀, ògiri irin gíga sì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ti farapa lórí rẹ̀. Mo máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n wá ìlú méjèèjì yìí rí lórí àwòrán kí wọ́n tó sọ pé òkun ló pààlà sáàárín Áfíríkà àti Yúróòpù.

Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà ló wá kù. Spéènì ló ń ṣe ìjọba lé e lórí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Spéènì kúrò, ẹgbẹ́ Polisario kéde orílẹ̀-èdè olómìnira ní oṣù kejì ọdún 1976, ṣùgbọ́n Mòrókò ló di èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà mú, tó sì ń pè é ní tirẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gba àwọn ará ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ìbínú ọ̀rọ̀ yìí ni Mòrókò fi kúrò nínú àjọ tó ṣáájú rẹ̀ ní 1984, kò sì padà títí di 2017. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé kò gbà á bí ọmọ ẹgbẹ́, inú àwọn ilẹ̀ 17 tí mo mẹ́nu bà ló wà láti 1963. Bí 54 ṣe di 55 nìyẹn.

Àwọn orílẹ̀-èdè wo ló wà lórí kọ́ńtínẹ́ǹtì méjì?

Rọ́ṣíà ló tóbi jù nínú wọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Éṣíà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé ní apá Yúróòpù, níbi tí olú-ìlú rẹ̀ náà wà. Òkè Ural ni wọ́n fi pààlà, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni èrò yẹn sì ti wà. Tọ́kì ní apá kékeré kan ní Yúróòpù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀, ìlú Istanbul sì wà ní ìhà méjèèjì omi Bosphorus. Kazakhstan náà ní ilẹ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn odò Ural. Íjíbítì wà ní Áfíríkà, àmọ́ Sinai rẹ̀ wà ní Éṣíà, ipadò Suez tí wọ́n ṣí ní 1869 sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pààlà. Odindi ni M49 máa ń fi orílẹ̀-èdè sí ibì kan, kì í là á sí méjì: Rọ́ṣíà ní Yúróòpù, Tọ́kì àti Kazakhstan ní Éṣíà, Íjíbítì ní Áfíríkà.

Kí ló dé tí Ísírẹ́lì fi ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù?

Àwọn àjọ bọ́ọ̀lù ní ìpín tiwọn, wọn kò sì fi ṣe àwòrán ayé. Ísírẹ́lì di ọmọ ẹgbẹ́ UEFA ní 1994, torí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó wà ní agbègbè rẹ̀ kọ̀ láti bá a gbá bọ́ọ̀lù. Kazakhstan kúrò lọ́dọ̀ Éṣíà lọ sí UEFA ní 2002. Ọsirélíà fi Oṣéáníà sílẹ̀, ó lọ bá Éṣíà ní 2006. Guyana àti Suriname wà ní Amẹ́ríkà Gúúsù, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà Àríwá ni wọ́n ń bá díje. FIFA ní ọmọ ẹgbẹ́ 211, ó ju 193 lọ, nítorí àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso bíi Bermuda àti Puerto Rico ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn níbẹ̀. Ọmọ tó bá fi ìdíje bọ́ọ̀lù kọ́ jíọ́gíráfì yóò fi Ísírẹ́lì sí Yúróòpù nínú ìdánwò, wọn yóò sì fagi lé e.

Antarctica ńkọ́?

Kò sí orílẹ̀-èdè níbẹ̀, kò sì sí ará ìlú, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń wá ṣe ìwádìí ló ń gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje ló sọ pé àwọn ní ilẹ̀ níbẹ̀: Ajẹntínà, Ọsirélíà, Ṣílè, Faransé, New Zealand, Nọ́wè àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ní Washington ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1959 ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbi tó wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ tuntun kún èyí tó ti wà, wọn kò sì gbọdọ̀ kó ohun ìjà ogun lọ síbẹ̀.

Kí ni ká mú nínú fọ́ọ̀mù tó ní kí a yan kọ́ńtínẹ́ǹtì tàbí agbègbè?

Ẹ wo ẹni tó ni fọ́ọ̀mù náà. Tó bá jẹ́ ti àjọ àgbáyé tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lókè òkun, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ M49 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹ ó sì rí “Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà” fún Nàìjíríà láìsí ìṣòro. Ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù fún ìbátan tó ń gbé ní Réunion tàbí Guiana ti Faransé ni kó fara balẹ̀: tí fọ́ọ̀mù náà bá béèrè orílẹ̀-èdè tí ó ń gbé, tí orúkọ ilẹ̀ náà sì wà nínú àpótí, òun ni kó mú. Tí kò bá sí níbẹ̀, Faransé ni kó mú. Ìbéèrè ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni yàtọ̀ pátápátá, páásípọ́ọ̀tù ló ń dáhùn ìyẹn: ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń gbé ní Réunion pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ọmọ Nàìjíríà ni, ohun tí yóò sì kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n ya tábìlì àwọn orílẹ̀-èdè, ẹ kọ orúkọ àkọsílẹ̀ tí ẹ lò sí ìsàlẹ̀ tábìlì náà àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó bá máa ṣe àmì lè mọ ìdí tí Simbábúè fi wà níbi tí ẹ fi í sí.